Bí a ṣe ń fi ohùn ogun kọ ewì ìjà bọ́kẹ́ẹ̀tì

Oríṣi àsínjẹ méjì ló wà fún ewì akọni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kí a mú ọ̀rọ̀ ńlá, kí a fi ẹnu ọjà sọ ọ́. Ohun tí akéwì Scarron bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sí ewì akọni Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, nílẹ̀ Faransé ní 1648 nìyẹn. Èkejì ni kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré, kí a fi ohùn ńlá sọ ọ́. Èkejì yìí ló ṣòro jù, òun la ó sì sọ níbí.

Ewì Gíríìkì àtijọ́ kan ni kí ẹ fi kọ́ iṣẹ́ yìí: Batrachomyomachia, ìyẹn Ogun Àkèré àti Èkúté. Iliad, ewì ogun Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ló ń sín jẹ. Iliad lé ní 15,000 ìlà. Ewì èkúté kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ẹni tó bá ń kọ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, 100 ìlà ti tó o.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìjà. Kó kéré lójú òǹkàwé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ikú àti ìyè lójú àwọn tó ń jà á. Ọba àkèré pọn ọmọ èkúté sẹ́yìn kó lè fi ilé rẹ̀ hàn án, ejò omi yọ lójijì, àkèré rì wọ ìsàlẹ̀, kò rántí ẹni tó pọ̀n, èkúté bá omi lọ. Ogun dé nìyẹn. Bí kò bá sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa pàdánù, ewì náà á kú kó tó dé ìlà ogún. Ìjà tí èèyàn ti kú nínú rẹ̀ ní tòótọ́ kò ṣeé lò.

Ìbà ló kàn. Ìlà mẹ́rin tó. Akéwì Gíríìkì yẹn pe àwọn Muse, òrìṣà orin àti ewì, láti òkè Helicon kí wọ́n wọ inú ọkàn òun, ó wá ní orí eékún òun lòun ti kọ orin náà sára wàláà. Kò rẹ́rìn-ín rárá, ẹ̀yin náà ẹ má rẹ́rìn-ín.

Orúkọ ń fẹ́ ìran. Psicharpax, ẹni tó ń já èérún gbà, ni èkúté tó kú. Troxartes, ẹni tó ń ge búrẹ́dì jẹ, ni bàbá rẹ̀. Ọba àkèré ní tirẹ̀ sọ pé Peleus ló bí òun. Bàbá Achilles, akọni inú Iliad, gan-an ló ń jẹ́ Peleus, ṣùgbọ́n pelos ni ẹrẹ̀ lédè Gíríìkì. Ẹ̀rín méjì nínú orúkọ kan! Àwa tí a ní ìjálá, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí: ọdẹ máa ń ki ẹranko kéékèèké pẹ̀lú, kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kíki èkúté nìkan kò lè dẹ́fẹ̀.

Ìhámọ́ra ló ń dá ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Èkúté fi èèpo ẹ̀wà tútù bo ojúgun, abẹ́rẹ́ ni ọ̀kọ̀ wọn. Ewé ni àkèré fi ṣe asà, ìkarahun ìgbín ni wọ́n dé sórí. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìlà mẹ́wàá lápá kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ̀ lé ètò Homer: ẹsẹ̀ kọ́kọ́, àyà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun ìjà. Ẹ má yí ètò yẹn padà. Homer tún máa ń sọ ìtàn ohun èlò: Hephaestus, òrìṣà alágbẹ̀dẹ, ló rọ ọ̀pá àṣẹ ọba Agamemnon fún Zeus, olórí àwọn òrìṣà, kó tó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kan Agamemnon. Ẹ wo bí a ṣe lè fi èyí kọ ìjà ìdí ẹ̀rọ omi:

Ó ró aṣọ, ó fún un, ó tún un fún.
Ó gbé òṣùká. Òṣùká ọ̀hún ní ìtàn:
aṣọ tí ìyá àgbà fi pọn ìyá rẹ̀ ni,
ìyá rẹ̀ fi pọn òun, òun fi nu ilẹ̀ lọ́dún mẹ́ta.
Lónìí ó ká róbótó, ó gorí ọ̀gágun.
Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sí bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé,
èyí tó ti sán létí láti ogun Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Ohun gidi ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ju iná, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́: àsọdùn ń pa ẹ̀fẹ̀ yìí. Ohun tí òǹkàwé mọ̀ nílé rẹ̀ ni kó bá níbẹ̀.

Àwọn òrìṣà gbọ́dọ̀ dá sí i, kí ìdí tí wọ́n ní sì jẹ́ ti ará ilé. Athena, òrìṣà obìnrin tó ń jagun, kò gbèjà èkúté torí wọ́n jẹ ihò sára aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, tí kò sì tíì san gbèsè tó jẹ nítorí rẹ̀. Kò gbèjà àkèré náà: ó ti ogun dé, ó rẹ̀ ẹ́, wọn ò jẹ́ kó sùn títí àkùkọ fi kọ.

Kí ìparí yá. Zeus sán àrá, èkúté kò dúró. Ó rán alákàn wá, wọ́n ń gé wọn nírù, ogun ọjọ́ kan sì parí.

Bí àwọn òrìṣà bá ṣòro, ẹ kọ ìjà náà tán ná. Apá méjì péré ni Pope, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ The Rape of the Lock, ewì rẹ̀ lórí ìṣùjọ irun tí wọ́n gé lórí ọmọge, ní 1712. Ìgbà tó padà sí i ní 1714 ló kó àwọn ẹ̀mí afẹ́fẹ́, tí wọ́n dípò òrìṣà, wọ̀ ọ́, tó sì di apá márùn-ún.