Bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìròyìn ìpànìyàn láì dá kún wàhálà

Tí ìròyìn ìpànìyàn tàbí ìjínigbé bá bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, wákàtí àkọ́kọ́ ni irọ́ máa ń pọ̀ jù. Ohun yòówù tó bá wọlé sórí WhatsApp nígbà yẹn, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Ẹ wá ọjọ́, àdúgbò, àti ẹni tó sọ ọ́ nínú rẹ̀. "Ní Rẹ́mọ níbí" ò tó. Ìkẹ́nnẹ́ ni àbí Ògèrè? Iwájú ilé epo wo? Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí kò dárúkọ ọjọ́ lè máa yí kiri fún ọdún, kó tún padà dé bí ẹni pé àárọ̀ òní ni.

Tó bá jẹ́ fọ́tò, ẹ fi Google Lens wò ó bóyá ó ti wà níbòmíràn tẹ́lẹ̀. Tí Lens ò bá rí nǹkan, ìyẹn ò sọ ọ́ di òótọ́ o. Ti fídíò, ẹ dá a dúró níbi tí pátákó ṣọ́ọ̀bù bá ti hàn, kẹ́ ẹ wo orúkọ ìlú, kẹ́ ẹ sì fetí sí èdè tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn. Fọ́tò òkú? Ẹ pa á rẹ́. Ará ilé olóògbé lè má tíì gbọ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti ń dárúkọ ẹ̀yà ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Lóṣù Keje ọdún 1999, ìjà Yorùbá àti Hausa lórí ọ̀rọ̀ Orò ní Ṣàgámù gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ ní Kano. WhatsApp ò tíì sí nígbà náà!

Ibi tínú ti ń bí aráàlú jù ni kóòtù. Ọlọ́pàá á gbé afurasí lọ síwájú Májísíréètì, Májísíréètì ò ní gba àlàyé kankan lẹ́nu rẹ̀, ariwo á ta pé wọ́n ti gba rìbá. Rárá o. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ohun tó lè ṣe ni kó ní kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́ títí ìmọ̀ràn á fi dé láti ọ̀dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ni ẹjọ́ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀, oṣù sì lè gorí oṣù kó tó débẹ̀. Títí ìdájọ́ á fi wáyé, "afurasí" ni kẹ́ ẹ kọ, torí abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́ṣẹ̀.

Tọ́rọ̀ bá ṣojú yín, ẹ pe 112, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà, nọ́ńbà ọkọ̀, àti ọ̀nà tó kọrí sí: Ọ̀rẹ̀ ni àbí Èkó? Ẹ kọ aago àti aṣọ tí wọ́n wọ̀ sílẹ̀ kó má baà pò mọ́ ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ má gbé e sórí Facebook. Ẹni tí wọ́n ń wá náà ń kà á. Tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu yín ní téṣàn, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.