Aṣọ tó fún ló ń fà mí lọ sísàlẹ̀
Ní Florida, tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tá a jọ ń fi páráṣúùtù fò bá ti bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń bá ara mi. Àwọn yòókù á ti di ara wọn mú lókè, èmi á máa wò wọ́n. Mo sanra, aṣọ náílọ́ọ̀nù mi sì fún, ó ń dán. Atẹ́gùn kò rí nǹkan dì mú. Mo rán èyí tó ní òwú nínú, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣò dáadáa. Ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára mi, mo sì bá wọn dọ́gba ní nǹkan bíi máìlì 120 ní wákàtí kan. Inú mi dùn gan-an! N kò ju èyí tó fún nù: òun ni mo ń wọ̀ bí mo bá ń bá àwọn tó wúwo bíi tèmi fò.