Ẹ̀yin tó fẹ́ fi láàbù sílẹ̀ torí yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ kẹ́mísírì ní láàbù ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà kí n tó jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe báyìí, mò ń sín ìlẹ̀kẹ̀, mo sì ń fi fàdákà àti bàbà ṣe yẹtí àti òrùka. Àwọn kan máa ń pè mí pé "Àǹtí, èmi náà fẹ́ fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ o, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Inú mi máa ń dùn, àmọ́ àyà mi tún máa ń já fún wọn, torí mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn rò pé sáyẹ́ǹsì ti tán nìyẹn, pé lọ́jọ́ tó bọ́ ẹ̀wù funfun yẹn kalẹ̀ ni gbogbo ohun tó kọ́ ti wábi gbà. Ohun tí èmi ṣe gan-an nìyẹn. Mo ra hùkù yẹtí lọ́pọ̀ ní ọjà Balógun, ó ń dán gbinrin, ẹni tó tà á fún mi ní fàdákà ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, èmi tí mi ò jẹ́ kí ike kẹ́míkà kan wọ láàbù láìyẹ̀ ẹ́ wò! Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò kan tó ra yẹtí lọ́wọ́ mi fi fi fọ́tò etí ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, etí ti wú, ó pọ́n, omi ń jáde lójú ihò. Nickel, irin kan tó ń dán bíi fàdákà, ló wà nínú hùkù yẹn. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn ò gba nickel rárá, òun ló jẹ́ kí European Union ṣòfin lórí ẹ̀ ní 1994, pé ìwọ̀n tó lè máa jáde lára ohun tó ń kan ara èèyàn ò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láti yunifásítì: ẹ kán kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dimethylglyoxime àti ammonia díẹ̀ sórí òwú, ẹ fi ra irin náà dáadáa, tí òwú bá pọ́n bí aṣọ funfun tí zobo kán sí, nickel wà níbẹ̀. Mo dá owó àbúrò yẹn padà, mo sanwó ọsibítù, mo sì kó gbogbo hùkù tó kù dànù. Látọjọ́ yẹn, kò sí hùkù tó ń kúrò lórí tábìlì mi tí òwú ò kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iyùn. Ẹnì kan tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí gba iyùn ìyá ìyá kọ́sítọ́mà ẹ̀ pé òun á bá a tún un sín, ló bá kó o sínú fínígà kó lè mọ́, torí ó rí i nínú fídíò kan pé fínígà ń fọ bàbà. Iyùn kì í ṣe bàbà. Calcium carbonate ni, ohun kan náà tó wà lára èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín, ásíìdì sì máa ń jẹ ẹ́. Ó ń hó ṣìṣìṣì nínú abọ́, ìyẹn rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Nígbà tó yọ ọ́, dídán ti lọ, ara ẹ̀ ti rí págunpàgun, kò sì sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Iyùn tí wọ́n fi sin ìyá wọn relé ọkọ! Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ tún fi gbígbẹ nù ún, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pé kó kọ́kọ́ fín pafúùmù ná kó tó fi iyùn sọ́rùn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹlẹ́yà pé ẹ fi ìwé sílẹ̀ lọ bá ìlẹ̀kẹ̀. Ní Igbó Olókun nÍlé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ti ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Àwọn tó yẹ gíláàsì náà wò rí i pé àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní lime àti alumina pọ̀ nínú ẹ̀ lọ́nà tó fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, wọn ò rà á látòkèèrè. Kẹ́mísírì nìyẹn, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì nìyẹn.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí inú tó bí yín sí ọ̀gá rìsáìnì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa ṣe é ní alẹ́ àti Sátidé ná, kẹ́ ẹ tọ́jú owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ medical lab scientist, ẹ máa tún láísẹ́ǹsì yín ṣe lọ́dọọdún, ẹ má jẹ́ kó kú, ẹ ò mọ ọ̀la.

Ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ nìkan gbà mí ní ₦18,000, mo tà á ní ₦22,000, mo ń yọ̀ pé mo jèrè. Wákàtí mọ́kànlá ni mo fi sín in o, yàtọ̀ sówó ọkọ̀ lọ bọ̀ sÉkòó àti epo jẹnẹrétọ̀ alẹ́ méjì. Èmi gan-an ni mo sanwó kí n lè ṣiṣẹ́. Ẹ máa kọ wákàtí sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ ní láàbù, kẹ́ ẹ sì gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó gé okùn, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ń ra nǹkan.

Ilé náà tún máa ń tan èèyàn. Ní láàbù a ò jẹ́ jẹun lórí tábìlì iṣẹ́, àmọ́ torí pé ilé ni, ẹ ó máa jó fàdákà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò tẹ́ ẹ bá fi se álọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń fọ fàdákà, kò gbọdọ̀ padà sí kíṣìnì mọ́ láéláé. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ góógù, ẹ lé àwọn ọmọ sẹ́yìn.

Èyí tó sì kù ni ìgbéraga. Mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá kan tó ń rọ góòlù àti fàdákà, wọn ò kàwé, níbẹ̀rẹ̀ ń ṣe ni mo ń já wọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí n má fi ẹ̀mú irin yọ fàdákà nínú omi álọ́ọ̀mù, pé fàdákà á pọ́n. Mo ní kò sírú ẹ̀. Mo fi irin yọ ọ́, fàdákà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́ lójú mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó rò ó: fàdákà 925, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ fàdákà gidi, bàbà ló sábà máa ń wà nínú ìdá 7.5 tó kù, bàbà yẹn ló ti yọ́ sínú omi, irin ló wá lé e jáde tó fi lọ lẹ̀ mọ́ fàdákà. Ohun tí ìwé sọ ni Bàbá ti ń fojú rí láti ogójì ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì mo gbé òṣùwọ̀n mi lọ, a wọn ẹ̀kúnwọ́ álọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń bù sómi, wọ́n wo nọ́ńbà náà títí, wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ má baà máa bu ìbùkúbùú."