Bí mo ṣe yan ìlẹ̀kẹ̀ mala ní Haridwar

Mala ni ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń ka àdúrà, Haridwar, ìlú mímọ́ wọn ní Íńdíà, ni mo sì ti ra tèmi. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ lèèyàn kọ́kọ́ ń yàn, mántírà ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ tí à ń tún pè léraléra. Olùkọ́ tí mo ń kọ́ àṣàrò lọ́dọ̀ wọn ti fún mi ní "Om Namah Shivaya" kí n tó dé ọjà, torí náà ìlẹ̀kẹ̀ rudraksha ló tọ́ sí mi. Shiva, òrìṣà Híńdù tí mántírà yẹn ń pè, ló ni ín. Ká ní òrìṣà Krishna tàbí Vishnu ni mò ń pè ni, ìlẹ̀kẹ̀ tulsi ni ǹ bá rà (ìbátan efinrin wa ni tulsi, ẹ gbóòórùn ewé rẹ̀ wò). Àwọn tó ń ké pe òrìṣà Lakshmi a máa lo kóró òṣíbàtà.

Ní ọjà Moti Bazaar, wọ́n so mala rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kóró èso igi kan tó ń hù ní Nepal àti Indonéṣíà ni rudraksha. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, ilà sì fà á láti orí dé ìdí. Iye ilà yìí ni wọ́n fi ń pè é ní olójú mẹ́rin tàbí olójú márùn-ún. Olójú márùn-ún ló pọ̀ jù lọ́jà, kò sì gunwó, òun ni mo ní kí wọ́n kó wá.

Ọlọ́jà kọ́kọ́ yọ olójú kan jáde látinú dúróà, ó dá owó gọbọi lé e. Mo ní kó dá a padà. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ìdí nìyẹn tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀. Ọ̀bẹ ni àwọn kan fi ń fa ilà sára kóró mìíràn. Ó ní kí òun jù ú sómi kí n rí i bó ṣe máa rì. Èmi ò ka ìyẹn sí ẹ̀rí: ojúlówó tó gbẹ dáadáa lè léfòó, ayédèrú tí wọ́n ki òjé sí nínú á sì rì. Iná fóònù ni mo fi ń wo ilà, bóyá ó dé ibi ihò láìjá.

Ẹni tó ń fa tẹ̀súbà nílé ti mọ ìdí iṣẹ́ yìí, iye ló yàtọ̀: 33 tàbí 99 ni tiwa, 108 ni mala, láìka meru, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí. Mo jókòó, mo kà á níṣojú ọlọ́jà. Èyí tí wọ́n ta kókó sí àárín ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́, torí bí okùn bá já, kò ní fọ́n ká.

Àwọn ńláńlá wà fún ọrùn. Mo dijú, mo fi àtàǹpàkò àti ìka àárín wọ́ àwọn kéékèèké sọ́dọ̀ ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ìfábẹ̀là kì í kàn án. Bí ọwọ́ bá dé meru, a kì í fò ó, ńṣe là ń yí mala padà. Mo kọ ọ̀kan tó rẹwà torí pé meru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyókù lábẹ́ ìka.

Mo ra gomukhi mọ́ ọn, àpò tí à ń ki ọwọ́ àti mala sí bí a bá ń kà á, èyí tó ní ihò tí ìka ìfábẹ̀là ń gbà jáde. Mo ná méjèèjì pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀.