Bí mo ṣe ń di bonsai tó ń kúrò ní Abẹ́òkúta

Òǹgbẹ kọ́ ló ń pa bonsai, igi tí a ń tọ́ kó kéré nínú ìkòkò, lójú ọ̀nà. Ọ̀dán tí ẹ bomi rin dáadáa lè ti Abẹ́òkúta dé Ìlọrin láìbéèrè omi. Jìgìjìgì ọkọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Tí igi bá ń mì nínú ìkòkò, gbòǹgbò tín-ín-rín tó ń fa omi á já, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, oníbàárà á ní igi tó ti ń kú lọ ni ẹ tà fún òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ bomi rin ín, kí omi lè ro tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Erùpẹ̀ tó ń kán tó-tó-tó á rẹ páálí, ìdí rẹ̀ á sì já. Ẹ má pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn rárá.

Dídì ló ṣòro. Ìkòkò bonsai kì í jìn, nítorí náà erùpẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ dànù. Mo máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn tí mo rẹ sómi lé erùpẹ̀ lórí, màá fi àkísà tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn aládìrẹ Ìtòkú bò ó, màá wá fi ọ̀rá wé e pọ̀ mọ́ ìkòkò, sẹ́lótéèpù á tẹ̀ lé e. Okùn ló kàn: ẹ gbà á lábẹ́ ìkòkò, ẹ fà á kọjá lórí àkísà lọ́tùn-ún àti lósì ìdí igi, kó le bí ọ̀já ìyá ọmọ. Ẹ di igi mú, ẹ rọra mì ín. Tí erùpẹ̀ bá mira, ẹ tú u, ẹ tún un so.

Ẹ má fi ọ̀rá wé ewé o! Nínú búùtù, lóòrùn ọ̀sán, ṣe ni ewé á sè. Ìwé tísù díẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀ka tó ń fara kanra ti tó.

Ẹ wá páálí tó nípọn, tó fi bí ìka mẹ́rin ga ju igi lọ. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi okùn so ìkòkò mọ́ ọn gbọn-in. Ẹ tún lu ihò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn kan á kọ “ORÍ RÈÉ” gàdàgbà sára páálí. Ó dára, àmọ́ ta ló ń kàwé ní gáréèjì? Fèrèsé ni mo máa ń gé sí i lókè. Àgbérò tó bá rí ewé kò ní da páálí dojú bolẹ̀.

Ní Kútọ̀, bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo máa ń wá, láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹrù má baà sùn sí gáréèjì. Màá bẹ awakọ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nǹkan lé e.” Ẹ fún wọn ní nǹkan díẹ̀ lé owó ẹrù, ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀. Tí oníbàárà bá ń bọ̀ fúnra rẹ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kó wọ rélùwéè wá sí ibùdó Wọlé Ṣóyínká. Ojú irin kò ní kòtò.

Ti òkè òkun yàtọ̀: àjọ NAQS ló ń yẹ ewéko wò kó tó kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í sì í gba erùpẹ̀ wọlé.

Ẹ sọ fún oníbàárà kó tú u lọ́jọ́ tó bá dé, kó gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í pa, kó má fi ajílẹ̀ sí i. Ọ̀dán lè wọ́wé nítorí pé ibùgbé rẹ̀ yí padà. Kó fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kan díẹ̀: tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù, tó ní àwọ̀ ewé, igi wà láàyè, kó má tíì pè mí.