Bí mo ṣe ń lẹ túùbù alùpùpù onísípóòkù lójú ọ̀nà Mámù

Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún táyà ẹ̀yìn mi, kì í ṣe ìṣó. Mo ti kọjá Orù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, mo ń gba ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí ìdí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì. Bí tiyín bá ń fì bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ búrékì lójijì. Ẹ dẹwọ́ iná, kó rọra dúró fúnra rẹ̀, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi táyà tó ti rọ̀ dé abúlé tó kàn, rímù á gé túùbù sí wẹ́wẹ́, pátíìsì ò sì ní rí ibi tó máa dì mú mọ́.

Honda CRF250L ni mò ń gùn, rímù ínǹṣì 21 níwájú, 18 lẹ́yìn. Orí sípóòkù kọ̀ọ̀kan la inú rímù já, nítorí náà atẹ́gùn ò lè dúró níbẹ̀ láìsí túùbù. Okùn rọ́bà tí fọkanáísà máa ń kì bọ táyà mọ́tò kò wúlò fún wa. Bí wọ́n bá fẹ́ kì í bọ tiyín, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. (BMW R 1250 GS onísípóòkù yàtọ̀: etí rímù ni wọ́n de sípóòkù tiẹ̀ mọ́, ìyẹn ò nílò túùbù.)

Irin táyà mẹ́ta, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì táyà mu, píńsà, pátíìsì, sólúṣọ̀n, sáńpépà àti pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ kì í kúrò nínú àpò mi. Túùbù tuntun tí mò ń gbé dání, 21 ni. Táyà ọ̀kadà ni àwọn fọkanáísà wa mọ̀ jù, wọn kì í sábà ní 21. Bí ọ̀ràn bá sì le, a lè ká 21 bọ inú táyà 18 ká fi rọra délé. Ẹ yẹ sólúṣọ̀n wò kẹ́ ẹ tó jáde, torí èyí tí wọ́n bá ti ṣí rí máa ń gbẹ nínú ike rẹ̀.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi igi gbé alùpùpù dúró, kẹ́ ẹ wá yọ rímù àti táyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ yọ pín ẹnu túùbù, kí gbogbo atẹ́gùn jáde, kẹ́ ẹ wá fi gìgísẹ̀ tẹ etí táyà kúrò lára rímù. Bó bá kọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ìdúró alùpùpù ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni yíyọ táyà kúrò lórí rímù. Rímù ní kòtò láàárín. Ẹ fi orúnkún tẹ etí táyà bọ inú kòtò yẹn ní òdìkejì ibi tí irin yín wà, òun ló máa fún yín láyè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń fi gbogbo agbára fa irin, ẹ dúró: táyà ti jáde nínú kòtò nìyẹn.

Màmá kan tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà ló yá mi lọ́pọ́n omi. Mo fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí túùbù, mo rì í, omi hó ní ojú kan ṣoṣo. Mo gbé túùbù lé orí táyà, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì mọ ibi tí ẹ̀gún máa wà. Mi ò fi ọwọ́ wá a. Àkísà ni mo fà yí inú táyà ká, ó sì há. Ẹ̀gún náà ti kán sínú, ó dúdú bíi táyà gan-an, ojú ò lè rí i. Píńsà ló fà á yọ. Bó bá jẹ́ pé ìhà rímù ni ihò wà lára túùbù, ẹ má dá ọ̀nà lẹ́bi. Ẹ wo rọ́bà tó bo orí àwọn sípóòkù, ó ti yẹ̀ tàbí ó ti ya.

Ẹ fi sáńpépà ha túùbù títí tí kò fi ní dán mọ́, kó fẹ̀ ju pátíìsì lọ. Ẹ fi sólúṣọ̀n pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ wá dúró.

“Ọmọ mi, ṣé kò tíì tó lẹ̀ ni?”

“Màmá, ẹ jẹ́ kó gbẹ sí i.”

Ìgbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ ló tó gba pátíìsì. Ẹ fi ẹ̀yìn irin tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

Ẹ̀gún ló jò ó lẹ́ẹ̀kíní. Irin ọwọ́ wa ló sábà máa ń jò ó lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí a bá ń kánjú dá a padà. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí túùbù kó lè rí roboto, kẹ́ ẹ fi páúdà pa á. Òdìkejì ẹnu túùbù lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lẹ ó parí sí, kẹ́ ẹ sì máa ti ẹnu náà wọlé díẹ̀ kí túùbù má bàa há sábẹ́ etí táyà. Irin ò gbọdọ̀ wọlé jìn. Nọ́ọ̀tì kékeré ẹnu túùbù, ẹ má fún un mọ́ rímù. Ẹ gbé e sókè mọ́ ìdérí. Bí táyà bá yí lórí rímù, ẹnu á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i kó tó ya.

Ó lè gba 35 sí 40 psi lórí gáàjì kí ìlà etí táyà tó dọ́gba yíká. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín in kù sí iye tí ìwé alùpùpù yín sọ. Ẹ wo ṣéènì, ẹ fún nọ́ọ̀tì dáadáa, ẹ tẹ búrékì wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mo dá ọpọ́n màmá padà, mo ra gàrí kóńgò méjì. Nígbà tí mo dé Mámù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún fi gáàjì wò ó, mo sì fi sípánà kan nọ́ọ̀tì. Kò sí èyí tó yẹ̀ níbẹ̀.