Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi ìwádìí kọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti gbà pé ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwádìí gidi ju kó máa tẹ̀ lé ìlànà inú ìwé láti ìlà kìn-ín-ní dé ìparí. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kan, ó dojú rú, wọ́n padà sí ti àtijọ́, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò ní sùúrù. Tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ló bà á jẹ́.

Èyí tó burú jù ni kí á pe ohun tí èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ìwádìí. Olùkọ́ ní kí kíláàsì wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó gbòǹgbò àlùbọ́sà ṣe ń pín, bí wọ́n ti ń wò ó láti ayébáyé, àmọ́ ó ti pa àkọlé dà: "iṣẹ́ ìwádìí" ló ń jẹ́ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ìdáhùn wà lọ́wọ́ olùkọ́, nítorí náà ohun tí olùkọ́ fẹ́ rí ni yóò kọ, kódà bí ohun tó wà lábẹ́ maikirosikópù rẹ̀ bá yàtọ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà ka nǹkan márùn-ún tí irú kíláàsì báyìí gbọ́dọ̀ ní: kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀nà tí onísáyẹ́ǹsì ń lò, kí ó wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, kí ohun náà wúlò fún àwọn tí kò sí nínú kíláàsì, kí wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é, kí àyè sì wà láti tún un ṣe. Ìkejì ni a máa ń fò jù.

Kò sì pọn dandan kí ìbéèrè náà tóbi kó tó jẹ́ tuntun. Ẹ wo ètò SEA-PHAGES, tí àjọ Howard Hughes Medical Institute àti Yunifásítì Pittsburgh bẹ̀rẹ̀ ní 2008 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ á bu erùpẹ̀ níbi tó bá wù ú, á pò ó mọ́ omi tí wọ́n ti ṣètò, á fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju 0.22 maikirómítà lọ sẹ́ ẹ kí bakitéríà má baà gbà kọjá, á sì da ohun tó sẹ́ sílẹ̀ mọ́ bakitéríà tí kò léwu. Tí phage, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà, bá wà níbẹ̀, ihò róbótó tó mọ́ gaara á yọ lórí àwo tí bakitéríà náà ń hù sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa sọ phage rẹ̀ lórúkọ. Olùkọ́ mọ ọ̀nà, kò mọ ìdáhùn. Nínú kíláàsì irú èyí ní Durban, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí phage kan ní 2010 lára èso tó ti jẹrà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Muddy. Ní 2019, ìwé ìròyìn Nature Medicine ròyìn pé Muddy wà lára phage mẹ́ta tí àwọn dókítà fi tọ́jú ọ̀dọ́ kan ní London tí àkóràn bakitéríà ara rẹ̀ kò gbọ́ oògùn mọ́.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n sá fún èyí títí wọ́n fi ṣubú sí òdì kejì. Wọ́n á ní, "Ẹ lọ ṣe ìwádìí ohun tó bá wù yín." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá lórí àbá tí kò sí irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò sì mọ bí a ṣe ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo kíláàsì, kí ohun tí oníkálùkù ń wá yàtọ̀.

Má ṣe gbàgbé ewu. Àwọn kíláàsì tó ń wá oògùn antibáyótíìkì tuntun nínú bakitéríà erùpẹ̀, bíi ti ètò Tiny Earth, ìbátan tí kò léwu ni wọ́n ń lò dípò àwọn bakitéríà tó ń pani. Ẹni tó bá wá gbé àwo erùpẹ̀ sínú ẹ̀rọ amóoru tó wà ní 37°C ti ṣètò ìtura fún kòkòrò tó fẹ́ràn ara ènìyàn. Ooru 25°C sí 30°C tó fún ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ilẹ̀.

Àkókò ńkọ́? Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Tábìlì ẹ̀kọ́ tó fi iṣẹ́ tuntun sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe gan-an ni ìwádìí. Gé iṣẹ́ tí o kó jọ sí ìdajì, kí o sì fi àyè tó kù sílẹ̀ fún títún ṣe. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe láìní àwo ìfiwéra: ọ̀kan tó ní bakitéríà láìsí phage, ọ̀kan tí a kò da nǹkan kan sí rárá. Tí bakitéríà bá kọ̀ tí kò hù lórí àwo àkọ́kọ́, phage kọ́ ni kí á dì lẹ́bi. Tí nǹkan bá hù lórí èkejì, ìdọ̀tí ti wọ inú oúnjẹ bakitéríà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé èyí ti kọ́ báyọ́lọ́jì ju ẹni tí àwo rẹ̀ dára láìmọ ìdí lọ.

Ìyẹn ló fi yẹ kí á ṣọ́ máàkì. Tí o bá fi máàkì lé èsì tó dára, irọ́ pípa lò ń kọ́ wọn, wọ́n á sì tètè mọ̀ ọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí o máa máàkì: ọjọ́, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n yí padà, ìdí tí wọ́n fi yí i.

Má ṣe fi ìwádìí pamọ́ fún àwọn tó gba máàkì jù. Àwọn yẹn á rí ọ̀gá tí yóò gbà wọ́n sí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́nàkọnà. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni kíláàsì wà fún.

"A ò ní irinṣẹ́" náà kì í sábà jẹ́ òótọ́ pátápátá. Genomics Education Partnership, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní St. Louis ní 2006, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tú jínóòmù, ìyẹn àpapọ̀ àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, ti eṣinṣin Drosophila palẹ̀. Àmọ́ wọn kì í gba èsì ẹnì kan ṣoṣo gbọ́: ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni yóò ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹlòmíràn tó fi méjèèjì wéra. Àwọn olùkọ́ tó fo ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń ní iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé tẹ̀ jáde. Ní 2015, ètò yìí tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 900 wà lára àwọn tó kọ ọ́. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o ti sọ fún kíláàsì bí orúkọ wọn yóò ṣe wọ ìwé, kí o sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, torí tí wọ́n bá ti gboyè jáde tán, wíwá wọn kiri fún ìfọwọ́sí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.